Kọ́kọ́rọ́ Waris, Àtàǹpàkò Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi kí ẹ̀yin tó bú mi. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé àárín, ó ṣeé ṣe kí ẹ fẹ́ wá mi wá sí Kinkinau ní Kaduna láti fi bàtà gbá mi lẹ́nu. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Eyín mẹ́fà péré ló kù níbẹ̀, wọn ò tó owó ọkọ̀ tí ẹ máa san.

Rashidat ni orúkọ mi. Ìlọrin ni wọ́n bí bàbá mi sí, Kaduna ni wọ́n bí èmi sí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi din kósàí, àkàrà àwọn Hausa, sí ẹnu ọ̀nà ilé wa, títí ìdí mi fi fẹ̀ ju àpótí tí mo ń jókòó lé lọ. Ọmọ mi tó bí Ilham ti kú, ìyá Ilham sì ti ní ọkọ mìíràn ní Zaria, nítorí náà èmi ni mo wo ọmọ náà dàgbà. Kàkà ló ń pè mí, bí àwọn ọmọ Kaduna ṣe ń pe ìyá àgbà.

Ìdí mi yìí náà ló wá ọkọ fún un. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2017, àpótí fọ́ mọ́ mi lábẹ́ níwájú àwọn oníbàárà. Mo ṣubú gbì, ìró mi sì ya láti ẹ̀yìn dé ibi tí ọmọlúàbí kì í dárúkọ. Gbogbo ènìyàn ń wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ló kọjú sí ògiri, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó nà án sí mi láì bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ gba èyí. N kò rí nǹkan kan o."

"Irọ́ lo pa," mo dá a lóhùn láti ilẹ̀. "Ohun tó tóbi tó yìí, ta ni kò ní rí i?"

Ilham rẹ́rìn-ín títí kósàí fi jóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yíjú láti wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ bí a ṣe ń gbé ojú kúrò mọ́. Waris nìyẹn, ọmọ Rigasa, tó ń gé aṣọ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní Ungwan Romi.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti bá Ilham wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀gá wọn, Bádéjọ, Yorùbá bíi tiwa ni. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é nípàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá. Obìnrin mẹ́rìnlá ló ń jókòó sídìí màṣíìnì. Waris a gé aṣọ, a dì í ní ìdì-ìdì, a pín in fún wọn. Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé ìdì ti Ilham kì í wá lásán. Waris a fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí inú aṣọ náà, níbi tí ojú kò ní tó bí wọ́n bá rán an tán. "Ṣé o sùn dáadáa?" a wà nínú apá. "Ojú rẹ wú lónìí, ta ló bí ọ nínú?" a wà nínú kọ́là. Ilham náà a kọ èsì sí àjákù aṣọ, a tì í sábẹ́ tábìlì Waris. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti kọjá lórí ṣọ́ọ̀kì, ó parẹ́ nìyẹn.

"Kàkà," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mi kiri gbogbo Kaduna, wọn ò sì mọ̀."

"Bàbá bàbá rẹ kò kọ nǹkan kan ní tirẹ̀," mo ní. "Ó kàn jókòó sídìí àwo mi, ó ń jẹ kósàí títí inú fi run ún. Ìgbà tó yàgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mẹ́ta tó sì tún padà wá, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni."

Èmi ni alárinà wọn. Èmi ni mo wọ kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù lọ sí Rigasa lọ bá ìyá Waris, Hájíyà Àdíját, opó tí kò ní ẹlòmíràn tó ń gbé oúnjẹ wọlé fún un ju Waris lọ. Ó gbà, àmọ́ ó gbà bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. A fi ìtọrọ sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún 2018.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ààwẹ̀ ni nǹkan bàjẹ́.

Ìgàn aṣọ búlúù kan dàwátì. Bádéjọ jáde sí àwọn obìnrin náà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ilham ló jókòó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà sítọ̀ jù, Ilham ló dì mú.

"Ọ̀gá, mo ń gbààwẹ̀," ọmọ náà ní. "Ẹnu tí mo fi ń gbààwẹ̀ yìí, n kò lè fi purọ́. N kò rí i."

Bádéjọ gbá a létí níwájú gbogbo wọn. Ó tì í wọ inú sítọ̀ tí kò ní fèrèsé, ó fi àgádágodo sí i, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sí ẹni tó máa ń tọ́jú rẹ̀. Waris ni. "Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn yìí kí n tó ní kó ṣí i," ó ní, "kó má wá síbí lọ́la." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Wọn ò tíì pe Àìlá nígbà tí wọ́n tì í mọ́bẹ̀. Wọ́n pe Alásárì, ó wà níbẹ̀. Wọ́n pe Màgàríbì, gbogbo ayé ṣínu, kò rí omi. Ìṣáì ti kọjá kí Bádéjọ tó fóònù pé kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Nígbà tó délé, ètè rẹ̀ ti là, èékánná rẹ̀ méjì ti ya nídìí. Ó mu omi. Ó tún mu. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo gbóòórùn ìtọ̀ lára ìró rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tó mọ́ tónítóní bí àwo ìjẹun àlejò. Mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀, mo wẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, kò sì jà.

"Ba zan koma ba," ó ní. Òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dun Ilham wọ egungun, Hausa ló fi ń sọ ọ́.

Waris dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ilham, wallahi, jẹnẹrétọ̀ ń dún. N kò gbọ́ ọ."

"O ò gbọ́ mi?"

"Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mo wà, nídìí jẹnẹrétọ̀. Mo rò pé o jókòó jẹ́ẹ́ ni."

"Mo gbá ilẹ̀kùn yẹn títí ọwọ́ mi fi bó, Waris."

"N kò gbọ́."

Ilham wo ojú rẹ̀ pẹ́. Alárinà ni mí, iṣẹ́ alárinà sì ni kó máa di ihò. "Jẹnẹrétọ̀ wọn yẹn a máa pariwo burúkú," mo ní, èmi tí n kò fojú kan jẹnẹrétọ̀ náà rí. Ilham mí kanlẹ̀. Ó gbà, tàbí ó fẹ́ gbà. Ó ti fẹ́ràn ọmọkùnrin náà débi pé ó ṣetán láti fẹ́ràn ariwo jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kò gbà fún Bádéjọ. Ó lọ bá lọ́yà obìnrin kan, Adùnọlá, tí kì í gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fìyà jẹ. Wọ́n béèrè owó oṣù rẹ̀ àti gbà-máà-bínú, àmọ́ ohun tó jẹ Ilham lógún ni lẹ́tà. Kí Bádéjọ kọ ọ́ pé òun tì í mọ́lé, pé kò jalè, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kà á níwájú àwọn obìnrin tí wọ́n rí i nígbà tó gbá a létí. Nítorí Bádéjọ ti ń sọ ọ́ ká ìpàdé pé ọmọ náà jí aṣọ ó sá lọ, pé kò sẹ́ni tó ti ẹnikẹ́ni mọ́ ibì kankan. Àwa Yorùbá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Kaduna. Orúkọ tó bá bàjẹ́ ní Ungwan Romi láàárọ̀, á ti jẹun ọ̀sán ní Kinkinau.

"Orúkọ mi ni mo fẹ́, Kàkà," ó ní. "Bí mo bá wọlé Waris láì gbà á padà, ìyàwó tó jalè ni wọn ó máa pè mí lójoojúmọ́."

Ẹ wá wo ìwà àgbà báyìí. Ibí ni kí ẹ ti bọ́ bàtà yín.

Wọ́n kọ́ wa pé àgbà tó lọ bẹ̀bẹ̀ kì í wo ẹni tó jàre. Ọmọ rẹ ìbáà jàre dé ọ̀run, ìwọ àgbà á gbé obì, á kúnlẹ̀, á ní ẹ ṣàánú wa. Ojú á ti ẹni tó jẹ̀bi, á ní kí o dìde, ọ̀rọ̀ á tán. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Mo ro ìtọrọ tí ó ń sún síwájú, mo ro ẹnu ayé, mo ra goro àti dàbínù, mo sì gba ilé Bádéjọ lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Orúnkún mi dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, afẹ́fẹ́ kan sì jáde lára mi láì tọrọ àyè. Mo fi ikọ́ bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú wa. Ọmọdé ni. Ohunkóhun tó bá ṣe, ẹ fi jì mí."

"Hàbà, Màmá! Ẹ̀yin tí ẹ tó ìyá mi?" Ó fà mí dìde, ó ní kí wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀tì tútù. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìwé kan wá, òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. "Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ síbí, kí ayé lè mọ̀ pé ẹ wá, pé a ti parí ẹ̀ nítùbí-ìnùbí."

Mo mọ kéwú o. Mo lè ka Kùránì láti ẹ̀yìn dé iwájú. Òyìnbó nìkan ni n kò gbọ́, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀tì ènìyàn lọ́wọ́. Mo tẹ àtàǹpàkò mi. Mo jáde bí ọba. N kò sọ fún Ilham, mo fẹ́ kó bá a bí ẹ̀bùn.

Ẹ̀bùn kan kò dé. Hájíyà Àdíját ló dé, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ìyá Àgbà, ọmọ tó pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́, ọdún wo ni kò ní pe ìyá ọkọ rẹ̀?"

"Hájíyà, ẹ bọ́ sórí ẹní ná."

"N kò jókòó. Ọ̀gá ní Waris ni yóò wá jẹ́rìí fún òun. Bó bá jẹ́rìí, iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí kò bá jẹ́rìí, kí ni n ó fi ṣe sààrì lọ́dún tó ń bọ̀? Yẹ̀pẹ̀? Ẹ di ọmọ yín mú, kí n di tèmi mú."

Ilham jáde láti inú yàrá. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. "Màmá, ẹ jẹ́ kó wá jẹ́rìí. Kó wá sọ ohun tó rí. Bí kò bá gbọ́ mi, kó sọ pé òun kò gbọ́ mi. N kò ní bínú."

Hájíyà wò ó, ó sì jáde láì dágbére.

Waris kò wá mọ́. Oṣù méjì. Ilham ń gba aṣọ àtúnrán lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, ó ń fọwọ́ rán an. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo bá a pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé kejì wa, tí bọ́tìnnì rẹ̀ nìkan já. Kọ́là ló ń tú. Ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀ lójú oòrùn. Mo padà sẹ́yìn kí ó tó rí mi. Ara mi kò mọ bí a ṣe ń rìn jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà mo rìn ín.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì Adùnọlá, bóyá a lè parí rẹ̀ kó tó di ti kóòtù. Bádéjọ wá pẹ̀lú lọ́yà tirẹ̀. Waris jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń ka iye táìlì. Ó ti rù.

Lọ́yà Bádéjọ kò pariwo rárá. Ó kàn yọ ìwé kan, ó tì í sórí tábìlì. Adùnọlá kà á, ó tún un kà, ó wá yíjú sí mi.

"Màmá, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé, 'Èmi Rashidat, mo tọrọ àforíjì fún ìgàn aṣọ tí ọmọ ọmọ mi jí.' Ṣé àtàǹpàkò yín rèé?"

Mo wo ìka náà lórí ìwé. Búlúù, ó fẹ̀ bí ojú àkàṣù. Ta ni mo fẹ́ sọ pé ó ni ín?

"Kàkà?" ni Ilham sọ.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ẹ ṣáà mọ bí mo ṣe tó; ilẹ̀ náà ronú sí i, ó pa ẹnu dé. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara mi, mo rí i pé ẹ̀bẹ̀ mi ti di okùn, mo sì ti fi í so ọmọ mi lọ́rùn.

"Ẹlẹ́rìí wa wà níbí," lọ́yà Bádéjọ ní. "Waris, lọ́jọ́ náà, ṣé ẹnikẹ́ni ti ọmọbìnrin yìí mọ́ sítọ̀?"

"Dá wọn lóhùn," Bádéjọ ní. "Rántí ìyá rẹ."

Waris ti ọwọ́ bọ àpò. Ó mú pọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde, ó sì fa àjákù aṣọ búlúù kan yọ níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń fi fọ́tò sí. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan kan gbọ̀n dànù. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà wíwọ́, lẹ́tà ẹni tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn: WARIS ṢÍ I. ÒǸGBẸ Ń PA MÍ.

"Ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn, èmi ni mo mú un," ó ní. "Wọn ò tíì pe Màgàríbì. Ọ̀gá ló tì í mọ́bẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi."

Adùnọlá fa àjákù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"O gbọ́ mi?" Ilham bi í.

"Mo gbọ́ ọ." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mo jókòó ti ilẹ̀kùn náà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń ro iṣẹ́, mo ń ro Màmá mi, mo ń sọ fún ara mi pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà o dákẹ́. Ìgbà tí o dákẹ́ yẹn náà, n kò ṣí i."

"Ya ji ni," Ilham ní, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó gbọ́ mi.

Kí n sọ ibi tí Waris ti jàre: áyọ́ọ̀nù wà níbi iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó gbé e kọjá lórí aṣọ yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé. Oṣù mẹ́ta ni ó fi gbé e káàkiri láì pa á rẹ́.

Bádéjọ àti lọ́yà rẹ̀ jáde lọ sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n gba gbogbo rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Bádéjọ dúró láàárín àwọn màṣíìnì, ó ka lẹ́tà náà pẹ̀lú ohùn ẹni tí ẹ̀gún há lọ́fun. Ilham dúró níwájú rẹ̀, kò gbé ojú kúrò títí ó fi kà á dé ìbuwọ́lù. Obìnrin kan bú sẹ́kún. Ìgàn aṣọ náà, títí di òní, a ò mọ ẹni tó gbé e. Ilham fi gbà-máà-bínú ra màṣíìnì, ó gbé e sí pálọ̀ wa, lẹ́tà sì wà nínú gíláàsì lókè rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà ní Waris kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti lé e.

Hájíyà Àdíját wá lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ sí mi, ó gbé goro kalẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ bá mi bẹ Ilham. Ọmọ mi kò jẹun mọ́."

Mo wo àtàǹpàkò mi. "Hájíyà, ẹ dìde," mo ní. "Mo ti ta ẹ̀bẹ̀ mi tán. Mọ́ọ̀tì ni mo fi mu."

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán, Ilham wà nídìí màṣíìnì rẹ̀, a gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn.

"Ilham. Èmi ni."

Ó pa màṣíìnì náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ dìde. Kò dìde. Ó pa á kí òun má bàa rí ariwo kankan fi ṣe àwáwí pé òun kò gbọ́.

"Ilham, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. N kò wá jà. Ṣí i fún mi, kí n sọ ọ̀rọ̀ kan."

Ó tún kàn án. Ó dúró, ó tún kàn án. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, mo fẹ́ gbé ara mi nílẹ̀.

"Ẹ jókòó, Kàkà."

"Ọmọ mi, ó ń gbààwẹ̀ Àlàmísì. Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé ó ń gbààwẹ̀. Ẹ jókòó."

Mo jókòó. Ilham ka ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, bí ẹni pé inú sítọ̀ yẹn ni òun ṣì wà. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Ìró náà dínkù, lẹ́yìn náà a kàn ń gbọ́ ẹ̀yìn Waris tó fi ti pákó ilẹ̀kùn.

Wọ́n pe Màgàríbì.

Ilham dìde, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó mú dàbínù mẹ́ta. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Waris wà ní ìjókòó lórí ilẹ̀. Ó gba omi náà, ó mu ún, eyín rẹ̀ ń kan kọ́ọ̀pù. Ilham dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Ní ti Ọlọ́run, mo ti dárí jì ọ́. Kò sí gbèsè láàárín wa."

"Ilham..."

"Àmọ́ n kò lè fẹ́ ọ. Lálaalẹ́ tí mo bá sùn tì ọ́, ilẹ̀kùn yẹn ni n ó máa gbọ́. Ìwọ náà á máa gbọ́ ọ. Lọ sílé, Màmá ń retí rẹ."

Ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀. Waris dìde, ó yíjú sí ògiri díẹ̀, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí ìró mi ya, ó nu ojú rẹ̀, ó sì lọ. Ilham rọra pa ilẹ̀kùn dé. N kò gbọ́ kí kọ́kọ́rọ́ yí.

Mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí yóò pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ara ńlá yìí, n kò rí ẹ̀rín kan níbẹ̀.

Ó jókòó padà sídìí màṣíìnì. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ kékeré kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, kọ́là rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ó yí i wò nínú, lójú iná. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó rán an pa.